Fèrèsé Tí A Ń Tì Nítorí Eruku

Ṣọ́ọ̀bù wa, lórí àpótí ìjókòó mi,
lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ jẹun ọ̀sán.

Ojú Àṣá, ọmọ mi, àkọ́bí mi ọkùnrin,

Mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọ kú ìdùbúlẹ̀. Ara ńkọ́? Orí fífọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé oúnjẹ ti ń dúró nínú rẹ báyìí? Bí o bá béèrè èmi, egungun mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí, ṣùgbọ́n mo jí lónìí, mo wọ bàtà fúnra mi, mo sì rìn dé ṣọ́ọ̀bù láìgba ọ̀pá. Ẹni tó bá jí tó rí bàtà rẹ̀ wọ̀, kò yẹ kó ráhùn púpọ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun. Ó ti sọ ọ́ fún mi láti àárọ̀ títí ó fi sú mi, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ó jẹ́ kí n sinmi.

Kí n tó sọ ohunkóhun, gbọ́ òfin ìwé yìí. Má ṣe gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin pé kí ó kà á sí ọ létí. Tíṣà ni, ó mọ̀wé, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì tí pólíìṣì igi ti sọ èékánná wọn di dúdú ni èyí. Gbé àga sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, jókòó, kí o kà á fúnra rẹ. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí kò lè rí i, àfi ẹni tí kò fẹ́ rí i. Bí ó bá rẹ ojú rẹ, pa ìwé dé, sinmi, kí o tún ṣí i. Ibi tí o bá sì dúró sí, tí o kò lè lọ mọ́, fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ bí a ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára igi níbi tí a bá dáwọ́ dúró, kí ẹ̀gbọ́n rẹ dá ìwé náà padà sí mi. Bébà tí mo rí rà kò pọ̀. Bí o bá rí i pé lẹ́tà mi ń kéré sí i bí a ti ń lọ, má bínú, bébà ni mo ń ṣọ́.

O mọ̀ pé kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, nígbà tí bàbá mi ní ẹnu tó ń jẹun nínú ilé ti pọ̀ ju ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Síbẹ̀ wo ọwọ́ mi. Wo bí O mi ṣe yí po. Tíṣà ilé wa fúnra rẹ̀ kò lè kọ O tó yí po tó báyìí. Ẹni tó bá ti fi ìdì òwú yí róbótó róbótó lórí tábìlì láti ìgbà èwe títí irun orí rẹ̀ fi funfun, kí ni O fẹ́ fi ṣe é? Ènìyàn kì í ṣàdédé jẹ́ Bàbá Dígí. Àwọn tó gbé ojú wọn wo orí tábìlì mi, tí wọ́n rí eyín ara wọn níbẹ̀, àwọn ló sọ mí lórúkọ, n kò sọ ara mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ̀wé sí mi. Ó ní o kì í jáde nínú yàrá. Ó ní o fa kọ́tìnì dé, o kọjú sí ògiri, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá o máa ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn kò bà mí nínú jẹ́, ara tí kò dá kì í ní ìwà. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé dókítà ojú ránṣẹ́ sí ọ léraléra pé kí o wá dúró níwájú bébà onílẹ́tà ara ògiri, kí wọ́n lè mọ ibi tí ojú rẹ dé, o sì kọ̀. Dókítà náà ní ojú tí irú kẹ́míkà tí o fi ṣiṣẹ́ yẹn bá bà jẹ́ lè padà, ó lè padà láàbọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jẹ́ kí wọ́n wò ó, wọn kò mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ràn án lọ́wọ́. Ìwọ ní, "Ojú mi ti lọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wọ̀n níbẹ̀?" O ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún Bàbá kí ó wá ẹlòmíràn sí ipò rẹ. Mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé náà dé, mo jókòó sórí àpótí yìí títí oòrùn fi kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ọmọ mi, mo ti ru pákó nígbà tí n kò tíì hu irùngbọ̀n. Mo ti fi ẹ̀yìn gbé kọ́bọ́ọ̀dù olówó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí olówó dúró lókè tó ń sọ pé kí n má fi ha ògiri òun. N kò mọ ìgbà tó rẹ̀ mí tó báyìí rí.

Ó ní o tún ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, pé lẹ́yìn ìyípo ìkẹyìn tí o fi ṣe tábìlì yẹn, gbogbo nǹkan dàrú mọ́ ọ lójú. Ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò ní fi kún un, n kò ní yọ kúrò níbẹ̀.

Tábìlì àwọn adájọ́ ni, èyí tó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. O ti kun ún, o ti ha á, o ti tún un kùn, ó ku ìyípo ìkẹyìn, sípírítì tí a fi ń po pólíìṣì tán. Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Oníkẹ́míkà tó ti ń tà fún wa láti ìgbà tí o ti ń rá. Sípírítì aláwọ̀ aró tí a mọ̀ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Dígí, ẹ wo èyí. Ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń po ọ̀dà ló ń rà á." Mo ṣí ìdérí. Ó mọ́ bí omi òjò. Mo gbé imú sí i, òórùn rẹ̀ fúyẹ́, kò ta mí nímú bí ti àtijọ́. Mo da ìwọ̀nba sínú àwo pẹrẹsẹ kan nínú oòrùn, mo ṣáná sí i, n kò rí iná kankan. Mo ní kò jó. Mo na bébà sórí rẹ̀, bébà náà ká kò, ó dúdú, ó jó mọ́ mi lọ́wọ́. Iná wà níbẹ̀, ojú ni kò rí i. Ìgbà tó jó tán, kò ṣẹ́ku omi kankan sínú àwo, mo sì ní sípírítì tí wọn kò bomi là rèé. Mo gbé e wálé. Mo da ṣẹ́láàkì sí i, oje kòkòrò gbígbẹ tí a máa ń rẹ títí tí yóò fi yọ́ yẹn, kíá ló yọ́. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Bàbá, èyí ní ipá o."

O mọ òfin ṣọ́ọ̀bù wa. Bí a bá dé ìyípo ìkẹyìn, a ó ti fèrèsé, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó fi àkísà tutù dí abẹ́ rẹ̀, nítorí eruku ni ọ̀tá oníṣẹ́ pólíìṣì. Ẹyọ eruku kan tó bá bà lé ibi tó tutù, ó di kókó títí ayé. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn, òun ló sì sọ mí di ẹni tí mo dà. Lọ́jọ́ náà mo jáde lọ wọn ilẹ̀kùn níbì kan. Ìwọ nìkan ló wà nínú yàrá títì yẹn láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, ọwọ́ rẹ lásán nínú ìdì òwú tó rin gbingbin, imú rẹ lórí tábìlì. Nígbà tí o parí, o bu nǹkan náà sínú ọpọ́n, o fi fọ ọwọ́ dé ìgbúnwọ́ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. O jáde sí mi, o ní, "Bàbá, ẹ wá wò ó, ó ti di omi." Mo wò ó. Ó ti di omi lóòótọ́, mo rí ojú mi nínú rẹ̀. O ní orí ń fọ́ ọ díẹ̀. Mo ní orí sípírítì ni, lọ sùn.

Ọjọ́ kejì o pẹ́ kí o tó dé. O bì lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ibà ni. O wá dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, o ní, "Bàbá, ta ló ń dáná? Ilé kún fún èéfín." Ẹnikẹ́ni kò dáná. O ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn òwú níwájú rẹ, gbogbo rẹ̀ funfun. O na ọwọ́ láti di etí tábìlì mú, tábìlì tí o fi ọwọ́ ara rẹ yí lánàá, ọwọ́ rẹ fò ó, o ṣubú lu igun rẹ̀. Ìwọ tí o dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà kan tí o ní, "Bàbá, irun búrọ́ọ̀ṣì kan wà lẹ́sẹ̀ àga yẹn," tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo wá a títí kí n tó rí i, tí mo fi sọ ọ́ ní Ojú Àṣá. Mo gbìyànjú láti gbé ọ, ẹ̀yìn mi kọ̀. Èékánná ló gbé ọ, Èékánná káfíńtà ẹ̀gbẹ́ wa tí ayùn jẹ orí ìka rẹ̀. Ó tẹ́ ọ sórí ọmọlanke tó fi ń kó pákó, ó sì ń tì í sáré, èmi ń tẹ̀ lé e bí arúgbó tí mo jẹ́.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin kékeré kan tó jọ ọmọ ilé ìwé ni. Ó wo ojú rẹ, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, kí ló mu?" Inú bí mi. Mo ní ọmọ mi kì í mutí, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọ́n tọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bínú, mi ò bú yín. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" Kí n tó dáhùn, ó ti gbé apá ẹ̀wù rẹ sí imú. Ó ní kí a sáré lọ gbé ohun tí o fi ṣiṣẹ́ wá, àti ike rẹ̀ àti gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Èékánná ni ó sáré náà.

Nǹkan kan wà tí o kò mọ̀, bóyá yóò pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ọtí ni wọ́n fi gbà ọ́ là. Ìwọ tí o kì í fẹnu kàn án, ọtí gidi ni wọ́n wọ̀n tí wọ́n fi sí ọ lára láti apá. Dókítà ní ọtí yẹn máa dúró lẹ́nu ọ̀nà inú ẹ̀dọ̀ rẹ, kí kẹ́míkà tó ti wọ ara rẹ má ríbi wọlé di májèlé. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ. Èékánná gbọ́ ti ọtí, ó ní, "Mo ti ń wí fún yín látọjọ́ yìí pé oògùn ni, ẹ ò gbà." Dókítà yíjú sí i. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá dán an wò nílé, ẹ máa pa ènìyàn. Ẹ ṣáà ti gbé e wá síbí kíákíá." Èékánná bẹ̀rẹ̀ sí wo bàtà rẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò rí agbára rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti mú ọ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí o lè sún mọ́ ilé ìwòsàn ojú, dókítà kékeré yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí àpótí mi, èmi dúró. Ó ní mẹtánọ́ọ̀lù lorúkọ nǹkan náà. Ó ní nǹkan náà àti ọtí inú sípírítì wa àtijọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n, ojú jọra, ìrìn jọra, ìwà ni kò jọra. Ó ní láyé àtijọ́ inú igi tí wọ́n bá sun ni wọ́n ti ń rí i, kó tó di pé wọ́n ń fi gáàsì ṣe é. Mo ronú sí ìyẹn títí. Igi tí mo ti ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, omi inú rẹ̀ ló wá bá ọmọ mi jà.

Ó ní kì í ṣe ohun burúkú lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe gúlúù tó di pìláíwúdù mú. Ó wà nínú ọ̀dà, ó wà nínú omi tí wọ́n fi ń nu gíláàsì iwájú mọ́tò níbi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín, àwọn mìíràn ń fi í wa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ó máa ń gba awọ ara wọlé, ó máa ń bá èémí wọlé, kì í sì dunni lójú ẹsẹ̀. Ó ń dúró de ènìyàn títí di ọjọ́ kejì, ara ẹni gan-an ló sì ń sọ ọ́ di májèlé, ẹ̀yìn ẹyinjú ló máa ń bá jà. Mo ní, "Dókítà, èmi ni mo gbóòórùn rẹ̀ kí ó tó wọ ilé yìí. Kò sí sípírítì tó lè tan imú mi." Ó ní, "Bàbá, imú kò ṣeé fi ṣọ́ ọ. Kí imú tó gbọ́ ọ, ó ti pọ̀ jù." Imú mi nìyẹn, tí mo fi ń ṣakọ ní gbogbo àdúgbò. Mo lọ pọn omi wá fún un.

Ó béèrè bóyá a kò rí àwòrán agbárí, àmì májèlé, tó wà lára dúrọ́ọ̀mù tí Ìyá Oníkẹ́míkà ti bù ú. Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Dúrọ́ọ̀mù tí a ń pọn omi mímu sí, agbárí wà lára rẹ̀. Èyí tí ìyá rẹ ń kó èédú sí, agbárí. Èyí tí mo gé sí méjì tí ewúrẹ́ fi ń mumi, agbárí wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Oníkẹ́míkà la ti ń ra gbogbo wọn ní òfìfo. Agbárí ti bá wa gbé títí ó fi di ará ilé, ẹnikẹ́ni kì í kí i mọ́. Dókítà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà wò wọ́n. Mo fọ́ ti omi mímu yẹn pẹrẹsẹ lọ́jọ́ náà, mo ra tuntun tó jẹ́ ike funfun.

Ìyá Oníkẹ́míkà wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan ti ń retí pé kí n gbá a létí. N kò ní agbára ìjà. Nígbà tó máa fọhùn, ó ní òun náà ti ń fi nǹkan yẹn ra orúnkún òun ní alaalẹ́, nítorí ó máa ń tutù lára. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ra ara mọ́." Kò dà á sí gọ́tà, mo ti kìlọ̀ fún un, ó dá gbogbo rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń kó o wá, ó sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ìkìlọ̀ gàgàrà sí ara ògiri rẹ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Mo ti bá a bẹ̀ ọ́.

Wàyí o, ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá dé, o lè má mọ̀ ọ́n. Mo fi òòlù ara mi lu ògiri ẹ̀yìn, mo yọ fèrèsé ńlá síbẹ̀, èyí tó kọjú sí ti iwájú, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀kan wọlé kí ó gba èkejì jáde. Mo yọ ìkọ́ ilẹ̀kùn tí a fi ń tì í. A ti padà sí sípírítì aláwọ̀ aró, ṣùgbọ́n òun náà, nínú afẹ́fẹ́ la ti ń lò ó. Ìbọ̀wọ́ nípọn ni a ń wọ̀. Èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò kò dá a dúró. Ọṣẹ àti omi la fi ń fọ ọwọ́, ó ń pẹ́ kí pólíìṣì tó kúrò, kí ó máa pẹ́. Dúrọ́ọ̀mù sípírítì wà lóde lábẹ́ ibòji tirẹ̀, ìdérí rẹ̀ le, iyanrìn wà nítòsí. Mo ní kí Èékánná gbé ẹ̀rọ tó fi ń pọ́n ayùn jìnnà síbẹ̀, nítorí iná tí ojú kò rí yẹn, mo ti rí i.

Èékánná ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Bàbá Dígí ti di Bàbá Fèrèsé." Mo ní, "Ìwọ tí ayùn ti fi orí ìka rẹ jẹun àárọ̀, kí lo mọ̀ nípa ìṣọ́ra?" Ó na ìka náà sí mi, ó ní, "Òun gan-an ni tíṣà mi." A kò rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ó bá mi gbé férémù fèrèsé náà sókè, kò sì gbà kí n dúpẹ́.

Ti eruku ńkọ́? Eruku ń wọlé. N kò ní purọ́ fún ọ. A ń fi omi wọ́n ilẹ̀, a ta àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú fèrèsé, a sì ń ṣe ìyípo ìkẹyìn ní kùtùkùtù kí àdúgbò tó jí. Síbẹ̀ ó ń wọlé. Igun tábìlì àwọn adájọ́ tí o ṣubú lù, ó bó, èmi ni mo ha á tí mo tún un yí. Ẹyọ eruku kan bà sí i. Mo rí i bó ṣe bà. Láyé àtijọ́, ǹ bá ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ǹ bá tún bẹ̀rẹ̀. Mo wò ó, mo fi í sílẹ̀. Èmi, Bàbá Dígí. Àwọn adájọ́ ti ránṣẹ́ wá gbé tábìlì wọn, mo ní kò tíì gbẹ. Ó ti gbẹ. Ó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo da aṣọ bò ó.

Ní ti pé kí n wá ẹlòmíràn sí ipò rẹ, n kò wá a, n kò sì ní wá a. Bí ojú rẹ bá padà tán, ipò rẹ nìyẹn. Bí ó bá padà láàbọ̀, àwọn ìka rẹ ṣì mọ ìgbà tí ìdì òwú bá fẹ́ máa lẹ̀, kò sí ojú tó ń sọ ìyẹn fúnni. Bí kò bá padà, wàá jókòó sórí àpótí yìí, kí o máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yí i, kí o máa bú wọn bí mo ṣe ń bú wọn. Kò sí èyí tí ṣọ́ọ̀bù yìí kò lè gbà. Èyí tí kò lè gbà ni kí a má mọ èwo ni. Ìyẹn ló ń rẹ̀ mí. Mo lè gbé ẹrù tí mo bá mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Àdúrà ni mo tún fẹ́ kọ báyìí, mo sì tún kọ ọ́ gàdàgbà bí ti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àdúrà bàbá kì í ṣe ohun tí ọmọ ń fi ojú wá.

Ilẹ̀ kò ní mọ́ bá ọ nínú òkùnkùn. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá yí yóò dán. Ẹsẹ̀ rẹ yóò mọ ọ̀nà ilé. Èmi ni yóò fi ọ́ sílẹ̀ láyé, ìwọ kò ní fi mí sílẹ̀. Ẹlẹ́dàá tó lẹ ojú mọ́ ọ níwájú orí kò ní gbà á padà lọ́wọ́ rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá tó bí ọ àti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́,
Bàbá Dígí.

Àfikún: Mo ní bébà dáadáa, ó kún inú àpótí tí mo jókòó lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló sọ fún mi bí bébà ara ògiri dókítà ti rí, pé lẹ́tà òkè rẹ̀ tóbi, ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré, mo ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fi ìwé yìí ṣe tèmi. Mo gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù títí ó fi dà bí abẹ́rẹ́ kí n tó kọ ìlà yìí. Èmi tí mo kọ ọ́, mo gbé e sókè báyìí, n kò lè kà á. Bí ìwọ bá ń kà á, ojú rẹ kò lọ síbì kankan, dìde kí o fọ ojú, kí o lọ bá dókítà. Lẹ́yìn náà kí o wálé wá fi ìka hàn mí ibi tí eruku yẹn wà, nítorí láti àná ni mo ti ń wá a, n kò rí i mọ́.